Mi ò lè ṣe àmín nínú ọkọ̀ mọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹni tó béèrè (orúkọ bò)
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ̀yin alábòójútó, ẹ ṣeun tí ẹ bá mi bo orúkọ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú mi, ọkàn mi ti gbọgbẹ́ tẹ́lẹ̀.

Àbújá ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ìbàdàn ni ọkọ mi àti ọmọ mi wà, lọ́dọ̀ ìyá ọkọ mi. Ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni mo ń lọ sílé, ọdún kẹta rèé. Bí ọ̀nà bá dáa, wákàtí mẹ́wàá. Bí kò bá dáa, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ló mú mi kọ̀wé yìí. Aago márùn-ún ìdájí ni mo ti wà ní gáréèjì ní Jábì. Ìjókòó ẹ̀gbẹ́ fèrèsé láàárín ọkọ̀ ni mo sanwó fún, tíkẹ́ẹ̀tì mi wà lọ́wọ́ mi, wọ́n bá ní ẹnìkan ti jókòó síbẹ̀, kí n máa lọ sẹ́yìn. Ẹ̀yìn pátápátá! Mẹ́rin la há mọ́ra wa níbẹ̀. Ọkùnrin tó wà lápá ọ̀tún mi ya ẹsẹ̀ méjèèjì bí ẹni tó wà ní pálọ̀ ilé rẹ̀, ó tún wá fi èjìká mi ṣe ìrọ̀rí. Wọ́n ní ọkọ̀ náà ní AC, atẹ́gùn gbígbóná ló ń fẹ́ jáde níbẹ̀. Nígbà tí a dé Lọ́kọ́ja, obìnrin kan ra ẹja gbígbẹ agbọ̀n kan, abẹ́ ẹsẹ̀ mi ló tì í sí. Òórùn ẹja yẹn! Mo rò pé ìfun mi máa jáde.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bẹ awakọ̀ pé kó dúró kí n tọ̀. Ó ní ibẹ̀ kò dáa, pé ajínigbé wà nínú igbó yẹn. Mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ ṣe? Nígbà tó jàjà dúró nítòsí Òkénè, gbogbo ọkọ̀ ń pòṣé sí mi. Ìyá kan ní kí ló gbé mi mu omi nígbà tí mo mọ̀ pé mo fẹ́ rìnrìn àjò.

Ibi tó dùn mí jù rèé. Oníwàásù kan ti wọ ọkọ̀ kí a tó kúrò ní Jábì. Ó gbàdúrà pé a ò ní ríjà ọ̀nà, gbogbo èrò ń ṣe àmín, ẹnu tèmi kò là. Ó rí mi. Ó nàka sí mi pé ẹni tí kì í ṣe àmín ló ń kó bá ọkọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ wá bàjẹ́ láàárín Ìsùà sí Ọ̀wọ̀, tí a jókòó sétí títì fún wákàtí mẹ́rin, ẹ wo ojú tí àwọn èèyàn yẹn fi ń wò mí! Aago mọ́kànlá alẹ́ ni mo wọlé. Ọmọ mi ti sùn. Mo wọ balùwẹ̀, mo ṣí omi kí wọ́n má baà gbọ́, mo sunkún.

Kì í ṣe pé mi ò mọ Ọlọ́run o. Tẹ́lẹ̀, èmi gan-an ni mo máa ń dá orin nínú ọkọ̀, tí àwọn tí mi ò mọ̀ rí á máa gbè é. Ọdún tó kọjá ni nǹkan yí padà. Báyìí, bí ọkọ̀ bá ti ṣí, àyà mi á máa já títí a ó fi dé. Báwo ni ẹ̀yin tí ẹ ń rin ọ̀nà jíjìn ṣe ń ní ìfọ̀kànbalẹ̀? Báwo ni èèyàn ṣe ń dúpẹ́ nínú irú ìyà yẹn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀. Mo ti gbọ́ ìyẹn tó.

Ìyá Ìbejì Mọ́níyà
Ẹ kú ewu ọ̀nà, ẹ kú ìnira. Ẹni tí kò bá rin ọ̀nà Òkénè rí kò lè mọ̀. Ẹ máa fi orin sétí. Ẹ tún mú atalẹ̀ dání, ẹ máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí èébì bá fẹ́ gbé yín.

Ọmọ Ìsẹ́yìn
Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin, mà. Ṣebí ó ti dé Ìbàdàn.

Àǹtí Gwágwáládà
Ọkọ̀ ojú irin wo? Èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 2021, Èkó ló ti ń wá, Mọ́níyà ló parí sí. Kò dé Ìlọrin, ká má tíì sọ Àbújá. Ẹ jẹ́ ká máa ka ìbéèrè kí a tó dáhùn.

Arábìnrin, èmi náà ń rin ọ̀nà yẹn. Oṣù kẹwàá 2022 tí omíyalé bo títì láàárín Lọ́kọ́ja sí Koton-Karfe, ọjọ́ méjì ni mo fi sùn sínú ọkọ̀. Bisikíìtì ni mo jẹ. Mo bínú sí Ọlọ́run, mo bínú sí ìjọba, mo bínú sí ọkọ mi tó ń pè mí ní wákàtí wákàtí tó ń pa bátìrì fóònù mi. Kò sí ẹni tí mi ò bínú sí. Nítorí náà, ẹ má rò pé ẹ̀yin nìkan ni.

Ọmọ Ìsẹ́yìn
Ẹ má bínú o. Ọkọ̀ òfúrufú ń kọ́? Ó ń balẹ̀ sí Alákìá.

Ẹni tó béèrè
Owó ọkọ̀ òfúrufú àlọ nìkan, mo lè fi wọ bọ́ọ̀sì lọ kí n fi bọ̀, kó tún ṣẹ́kù. Látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, owó bọ́ọ̀sì gan-an ń pa mí. Owó iléèwé ọmọ wà nílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Bàbá Àgbà Ọ̀yọ́
Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Ọkọ ní Ìbàdàn, ìyàwó ní Àbújá, ọmọ lọ́dọ̀ ìyá àgbà. O ń wá ìtẹ́lọ́rùn nínú ọkọ̀, ṣé inú ọkọ̀ lo sọ ọ́ nù sí ni? Wá iṣẹ́ sí Ìbàdàn, kí o máa sùn nínú ilé ọkọ rẹ.

Àǹtí Gwágwáládà
Bàbá, ó ní ká má sọ ìyẹn. Àti pé kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò béèrè bóyá ọkọ lè kó wá sí Àbújá? Ṣé obìnrin nìkan ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rìn ni?

Bàbá Àgbà Ọ̀yọ́
Mi ò bá ọ jà. Ohun tí ojú mi rí ni mo sọ.

Ẹni tó béèrè
Ọkọ mi ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Gate. Ṣọ́ọ̀bù tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ni, kò ṣeé gbé. Èmi, iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni mo ń ṣe, ọdún mẹ́rin ni mo fi wá a kí n tó rí i. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti kọ̀wé pé kí wọ́n gbé mi lọ sí ẹ̀ka Ìbàdàn, ẹnikẹ́ni ò dá mi lóhùn. Bàbá, ẹ má bínú, ìbéèrè mi kì í ṣe ti iṣẹ́. Ti ọkàn mi ni.

Dẹ́rẹ́bà Àná
Ẹ kú ilé o. Mo wa ọkọ̀ Ìbàdàn sí Kánò láti 1986 di 2009, ẹ jẹ́ kí n sọ apá tó kàn mí. Kò sí ibi tó burú tó ìjókòó ẹ̀yìn tí wọ́n fi yín sí yẹn. Ó ti kọjá táyà ẹ̀yìn. Bí táyà bá bọ́ sí kòtò, ẹni àárín á kàn mì díẹ̀, ẹni ẹ̀yìn ni yóò fò tí orí rẹ̀ á fẹ́ kan àjà ọkọ̀. Àárín táyà iwájú àti táyà ẹ̀yìn ni kí ẹ máa jókòó sí. Bí wọ́n bá fún ẹlòmíì ní ìjókòó yín, ẹ gba owó yín, ẹ dúró de ọkọ̀ mìíràn.

Ti ìtọ̀. Awakọ̀ tó kọ̀ tí kò dúró nínú igbó, ẹ má bínú sí i, ẹ̀mí gbogbo èrò ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó yẹ kó dúró ní Lọ́kọ́ja, ó yẹ kó dúró ní Ọ̀wọ̀. Kí ọkọ̀ tó gbéra ni kí ẹ ti lọ bá a, nígbà tó bá ń yẹ omi àti epo wò. Ìgbà yẹn ni etí wa máa ń ṣí. Bí ọkọ̀ bá ti wọ títì, ọ̀nà nìkan là ń gbọ́.

Ẹ wá jẹ́ kí n sọ èyí tó wà lọ́kàn mi. Ọkọ̀ mi dákú sí Mọ́kwá lọ́jọ́ kan, ẹ́ńjìnnì ló kọṣẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta la lò níbẹ̀. Lọ́jọ́ kìíní, kò sí èpè tí wọn ò fi mí ṣẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ìyá kan tó ń kó gààrí lọ sí Sábó Kánò tú àpò kan, ó ní kí gbogbo wa máa bù ú. Àwa tó lé ní ogún! Alfa kan ń kí ìrun fún àwọn mùsùlùmí lábẹ́ igi, arábìnrin Kérúbù kan ń dá orin lápá kejì. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì jí lọ́jọ́ kẹta, àwọn kan ń sunkún pé a máa pínyà. Ìyá yẹn kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa. Títí dòní, bí mo bá fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ojú ìyá yẹn ló kọ́kọ́ ń wá sí mi lọ́kàn.

Alhaji Ṣakí
Dẹ́rẹ́bà, Ọlọ́run á fi ẹ̀mí gígùn jíǹkí yín.

Arábìnrin, nínú ẹ̀sìn tiwa, arìnrìn-àjò ní ìdẹ̀ra. Ìrun Àìlà, Alásàárì àti Iṣáì tí à ń kí ní ráká mẹ́rin mẹ́rin, méjì méjì ni yóò kí i. Bí ó bá ń gbààwẹ̀, ó lè tú u kó san án padà lẹ́yìn. Ọlọ́run fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ìyà wà nínú ìrìn-àjò, ó dín ẹrù náà kù. Bí Ẹni tó ni ìsìn bá dín in kù fún yín, kí wá ni oníwàásù inú ọkọ̀ ń nàka sí yín fún? Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àmín wọn ìgbàgbọ́ yín. Ẹ sọ ọ́ nínú yín, ó ti gbọ́.

Nọ́ọ̀sì Àkúrẹ́
Àbúrò mi, ìgbà wo lo rí nǹkan oṣù rẹ kẹ́yìn? Bí o kò bá fẹ́ dáhùn níbí, kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀.

Ẹni tó béèrè
Ẹ ṣeun, Dẹ́rẹ́bà. Mo gbọ́ ti ìjókòó àárín. Alhaji, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára, mo kà á fún ọ̀rẹ́ mi. Ìyá Ìbejì, mo ti gbìyànjú orin, kò wọ etí mi mọ́. Bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ orin ìyìn, ńṣe ni omi ń bọ́ lójú mi.

Aládùúrà Èkìtì
Ẹ máa ka Sáàmù kí ẹ tó jáde nílé. Ẹ máa gba ààwẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ rìn, ẹ má jẹ nǹkan kan títí ẹ ó fi dé. Ẹ̀mí ìbẹ̀rù ni.

Ìyá Ìbejì Mọ́níyà
Aládùúrà, ẹ rọra. Ó dá gbogbo wa lóhùn, ó fo Nọ́ọ̀sì. Òórùn ẹja, ìtọ̀ ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹkún nínú balùwẹ̀. Ọmọ márùn-ún ni mo bí. Mi ò sọ nǹkan kan o, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gba ààwẹ̀ kankan.

Bàbá Àgbà Ọ̀yọ́
Irú ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti gbangba. Ẹ fi obìnrin náà sílẹ̀.

Ẹni tó béèrè
Mi ò sùn. Aago mẹ́rin ìdájí ni mo ń kọ èyí.

Òótọ́ ni, mo ti fẹ́ra kù. Oṣù kẹta ń parí lọ. Mi ò sọ ọ́ torí a kì í sọ ọ́ kí ó tó hàn, ẹ̀yin náà mọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀yin nìkan ni mi ò sọ ọ́ fún. Ọkọ mi ò tíì mọ̀.

Lọ́dún tó kọjá, mo lóyún. Ó wà ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án. Mo wọ ọkọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, inú mi ń dùn, èmi ni mo dá orin fún gbogbo ọkọ̀ títí a fi dé Koton-Karfe. Ọ̀nà burú lọ́jọ́ náà, kòtò lórí kòtò. Lọ́jọ́ Àìkú mo rí ẹ̀jẹ̀. Nígbà tó fi di ọjọ́ Ajé, kò sí nǹkan kan mọ́. Ìyá ọkọ mi ní ọkọ̀ ló mì í wálẹ̀, wọn ò sọ ọ́ pẹ̀lú ìkà, wọ́n kàn sọ ọ́ ni. Ọkọ mi kò sọ̀rọ̀ rárá. Ì bá tiẹ̀ bú mi, ì bá sàn. Títí dòní, kò dárúkọ rẹ̀.

Èmi ni mo fi ẹsẹ̀ ara mi wọ ọkọ̀ yẹn. Ọlọ́run tí mo ń kọrin fún, inú ọkọ̀ yẹn náà ló wà. Ẹ wá sọ fún mi bí mo ṣe máa ṣe àmín.

Ìyá Ìbejì Mọ́níyà
Háà. Ọmọ mi. Pẹ̀lẹ́. Pẹ̀lẹ́ o.

Nọ́ọ̀sì Àkúrẹ́
Kí gbogbo ilé jọ̀ọ́ dákẹ́ ná. Àbúrò mi, ka èyí lẹ́ẹ̀mejì.

Kòtò kì í já oyún ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án wálẹ̀. Àárín eegun ìbàdí ló ṣì wà nígbà yẹn, ilé ọmọ nípọn, omi sì yí i ká. Púpọ̀ jù lọ nínú oyún tó ń wálẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, láti ọjọ́ tó ti dúró ni àbùkù ti wà nínú chromosome, ìyẹn ohun tí ara fi ń mọ ọmọ. Mi ò yẹ̀ ọ́ wò, mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà lórí tìrẹ. Ṣùgbọ́n irú oyún bẹ́ẹ̀, bí o bá sùn sórí bẹ́ẹ̀dì láti àárọ̀ dalẹ́, yóò wálẹ̀ náà ni. Kì í ṣe ẹ̀bi ọkọ̀, kì í ṣe ẹ̀bi iṣẹ́ rẹ, kì í sì í ṣe ẹ̀bi orin tí o kọ. Ó dun mí pé o ti ń gbé ẹrù yìí láti ọdún tó kọjá, tí kò sí ẹni tó jókòó sọ èyí fún ọ.

Ní ti èyí tó wà nínú rẹ báyìí, kí o tó wọ ọkọ̀ mìíràn, lọ sí ọsibítù, gba káàdì, kí wọ́n ṣe síkáànù fún ọ, kí o sọ fún dókítà bí ìrìn-àjò rẹ ṣe jìn tó. Má jókòó lójú kan fún wákàtí mẹ́wàá, ẹ̀jẹ̀ aboyún tètè máa ń dì nínú iṣan ẹsẹ̀. Níbi tí ọkọ̀ bá ti dúró, sọ̀kalẹ̀, rìn. Mu omi, má tìtorí ìtọ̀ fi òùngbẹ gbẹ ara rẹ. Abẹ́ ikùn ni bẹ́líìtì ń gbà, kì í gorí ikùn. Bí o bá rí ẹ̀jẹ̀ tàbí tí inú bá ń rún ọ, má ní o fẹ́ dé Ìbàdàn dandan: ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ wà ní Lọ́kọ́ja, ó wà ní Ọ̀wọ̀. Nọ́ńbà ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ni 122, fi sínú fóònù rẹ.

Aládùúrà Èkìtì
Mo tọrọ àforíjì lórí ààwẹ̀, mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n kó fi pín-ìnnì há ẹ̀gbẹ́ aṣọ rẹ̀ bó bá ń lọ síta. Ohun tí àwọn ìyá wa ń ṣe nìyẹn.

Àǹtí Gwágwáládà
Pín-ìnnì kò ní dá ẹ̀jẹ̀ dúró o. Ọsibítù ni.

Aládùúrà Èkìtì
Ṣé mo ní kó má lọ ọsibítù ni? Kó fi pín-ìnnì há aṣọ, kó gba ọsibítù lọ.

Àǹtí Gwágwáládà
Ó dáa, mo gbà. Arábìnrin, ẹ kọ ìwé kẹta pé kí wọ́n gbé yín lọ sí Ìbàdàn, kí ẹ fi ìwé dókítà tì í lẹ́yìn. Ìgbà tí kò sí ìwé dókítà níbẹ̀ ni wọ́n rí i tì. Ìsinmi ìbímọ lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ jẹ́ ọ̀sẹ̀ 16 pẹ̀lú owó oṣù, ẹ ti máa ṣètò rẹ̀ láti ìsinsìnyí.

Bàbá Àgbà Ọ̀yọ́
Ọmọ mi, mo sọ̀rọ̀ líle sí ọ lánàá. Mo kó o jẹ.

Oyún méjì bọ́ lára ìyàwó mi kí ó tó bí àkọ́bí wa. Mi ò sọ̀rọ̀ kankan. Mo rò pé bí mi ò bá dárúkọ rẹ̀, kò ní dùn ún. Gbogbo ìgbà náà, mo máa ń lọ sóko lọ sunkún, mo á bọ́jú mi kí n tó wálé. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà ló tó sọ fún mi pé ìdákẹ́ mi ló dun òun ju oyún lọ. Ọmọ mi, bóyá ọkọ rẹ náà ní oko tirẹ̀. Sọ fún un lónìí. Má jẹ́ kí àwa àjèjì mọ̀ kí ó tó mọ̀.

Ẹni tó béèrè
Bàbá, mo kà á, mo sunkún. Ṣùgbọ́n mi ò lè sọ ọ́ lórí fóònù. Bó bá tún dákẹ́ ńkọ́?

Bàbá Àgbà Ọ̀yọ́
Bó bá dákẹ́, má gé fóònù. Dúró tì í.

Ẹni tó béèrè
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti sọ fún un.

Ó dákẹ́ pẹ́ débi pé mo rò pé nẹ́tíwọ̀kì ti lọ. Mo rántí Bàbá, mi ò gé e. Ló bá ní, "Ṣé o ti jẹun?" Ohùn rẹ̀ ti yí. Ó ní láti ọdún tó kọjá lòun ti rò pé mo ń bínú sí òun pé òun ò wá gbé mi láti Àbújá lọ́jọ́ yẹn, pé òun jókòó sí ṣọ́ọ̀bù nígbà tí mo wà lójú ọ̀nà. Ó ní kò sí ọjọ́ tí òun ò rò ó. Èmi ò mọ̀ rárá. Mo rò pé ẹ̀bi mi ló ń gbé sọ́kàn.

Mo lọ ṣe síkáànù. Mo gbọ́ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù. Dókítà ní mo lè rìn, kí n tẹ̀ lé gbogbo ohun tí Nọ́ọ̀sì sọ, ṣùgbọ́n kí n dín in kù. A ti fi í sí ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, ọkọ mi àti ọmọ mi ni yóò máa wá nígbà kejì. Ìwé kẹta ti wọlé, mo ń retí.

Dẹ́rẹ́bà Àná
Ọkọ̀ wo lẹ ń wọ̀ ní ọjọ́ Ẹtì? Àárín o!

Ẹni tó béèrè
Ọjọ́ Ẹtì lónìí, àárín ni mo wà, Dẹ́rẹ́bà. Wọ́n tún fẹ́ fún ẹlòmíì ní ìjókòó mi, mo ní kí wọ́n dá owó mi padà, wọ́n yanjú ẹ̀ kíá. Mo lọ bá awakọ̀ nígbà tó ń bu omi sí ọkọ̀, mo sọ fún un. Ó wò mí, ó ní, "Ìyàwó, Lọ́kọ́ja, Ọ̀wọ̀, Iléṣà. Ibòmíràn, ẹ kàn fọwọ́ kàn mí."

Oníwàásù wọlé, ó gbàdúrà. Mi ò ṣe àmín sókè. Mo gbé ọwọ́ lé ikùn mi, mo sọ ọ́ nínú mi bí Alhaji ṣe wí. Àyà mi ṣì ń já, mi ò ní parọ́ fún yín. Nígbà tí a kọjá ibi tí mo ti kọrin lọ́dún tó kọjá, mo di ọwọ́ ìjókòó iwájú mi mú. Ṣùgbọ́n a ti dé Lọ́kọ́ja báyìí, mo ti rìn yí ọkọ̀ ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Odò Ọya kún, ó ń lọ jẹ́jẹ́. Ọdún kẹta tí mo ti ń kọjá níbí, mi ò dúró wò ó rí.

Ìyá Ìbejì Mọ́níyà
Ẹ ti dé ibo?

Ẹni tó béèrè
Ọ̀wọ̀. Òjò ń rọ̀, ọkọ̀ ń rọra lọ. Ọkọ mi ti wà ní Ìwó Road láti aago mẹ́ta.

Ìyá Ìbejì Mọ́níyà
Mi ò ní sùn. Ẹ kọ̀wé síbí bí ẹ bá dé.